Ìfági Tí Igun Rẹ̀ Já

Ọjọ́ Àìkú ni Nùréènì lọ ra ìfági, nítorí àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Abdulkabir, kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe káfíńtà lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó ti ń fi igi jẹun láti kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ra irinṣẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni Nùréènì fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Ìlúpéjú. Ẹ̀rọ ńlá kan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ti pákó bọ̀ ọ́ lẹ́nu lápá ìhín, á yọ lápá ọ̀hún, á máa dán. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n kó ẹ̀rọ lọ, wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé. Láti ìgbà náà ni Nùréènì ti ń rìn káàkiri títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ibi tó bá dé, wọ́n á wo irun funfun orí rẹ̀, wọ́n á ní kí Bàbá fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ó fi nọ́ńbà sílẹ̀ títí ó fi sú u. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ọkàn ń ro ó, àní ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti máa pe orúkọ ara rẹ̀ fún àlejò.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sú u tán ló tó pe Abdulkabir lórí fóònù. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Abdulkabir, nígbà tí òun náà ṣì ní ṣẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ní Agége, kí owó oṣù Ìlúpéjú tó wọ̀ ọ́ lójú. Òun ló kọ́ ọ láti ìgbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú títí tó fi gba fúrídọ̀ọ̀mù. Lọ́jọ́ fúrídọ̀ọ̀mù yẹn, Nùréènì gbé ìfági onígi ti ara rẹ̀, èyí tí ọ̀gá tirẹ̀ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé e lé Abdulkabir lọ́wọ́, ó ṣàdúrà sí i, àwọn èèyàn ṣe àmín. Kò ra òmíràn mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá ní Ìlúpéjú, kí ló fẹ́ fi ìfági ṣe?

Abdulkabir ti di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, etí títì gan-an ló wà. Ó dá a lóhùn dáadáa lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, Bàbá. Àyè wà." Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n egungun wà nínú rẹ̀. Kò pè é ní ọ̀gá mi. Bàbá ló pè é, Bàbá kan náà tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

Wàyí o, láàárín àwọn káfíńtà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí àdúgbò ṣọ́ọ̀bù yẹn, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sára ògiri. O lè yá ayùn ẹlòmíràn. O lè yá òòlù rẹ̀, o tiẹ̀ lè bá a jẹun nínú abọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìfági ẹlòmíràn fági, ọmọ iṣẹ́ onítọ̀hún ni, bó ti wù kó dàgbà tó. Tí Nùréènì bá dé ibẹ̀ láìní ìfági, tí Abdulkabir na tirẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ parí: ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àná ti di ọ̀gá rẹ̀ lónìí. Tó bá mú tirẹ̀ dání, ọkùnrin méjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tó gbé e jáde lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn, láìka ti oorun tó wà lójú rẹ̀ sí.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Divine ló ń ta irinṣẹ́ ní ẹ̀yìn ọjà Agége. Ìfági gidi kan wà lórí pẹpẹ rẹ̀, ti ìlú òyìnbó, tó wúwo bí ọmọ tó yó. Nùréènì wò ó, ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ ká ni èyí tó ti Ṣáínà wá, búlúù, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Ó ní kí Divine kó gbogbo èyí tó wà nínú páálí jáde. Ó ń fi rúlà sí wọn níkùn, ìyẹn ìsàlẹ̀ tó ń kan igi, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ láti wo èyí tí ikùn rẹ̀ kò wọnú jù. Divine bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí Bàbá má da ara wọn láàmú, pé ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Nùréènì ní ìyá kan náà ló ń bí ìbejì, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ìwà Táyé, ọ̀tọ̀ ni ti Kẹ́hìndé. Ìkẹrin ló mú.

Ìfági olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà lónìí lò lónìí. Bí ẹran tútù ni, ó ku kí wọ́n sè é. Ikùn rẹ̀ ò tẹ́jú, abẹ rẹ̀ ò mú, gírísì ni wọ́n fi bo gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí Nùréènì ṣe délé, ó yọ gíláàsì kan lára fèrèsé pálọ̀. Modinat ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ̀fọn wá bá wọn gbélé ni. Ó ní rárá, pé gíláàsì nìkan ni ohun tó tẹ́jú pẹrẹsẹ nínú ilé náà, òun á dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó tẹ́ gíláàsì sórí tábìlì, ó fi omi lẹ sáńpépà mọ́ ọn, ó fi bírò ya ìlà sí ikùn ìfági, ó wá ń fi í ha ara sáńpépà náà. Ibi tí bírò bá ti parẹ́, ibẹ̀ ló ga. Ibi tó bá ṣì kù, ibẹ̀ ló jin.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Iwájú parẹ́, ìdí parẹ́, àárín kọ̀, kò parẹ́. Ó pààrọ̀ sáńpépà. Èjìká ọ̀tún rẹ̀, tó ti fi ti pákó bọ ẹ̀rọ fún ọdún méjìlélógún, bẹ̀rẹ̀ sí í dún un. Ó dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alaasari, bírò ṣì wà láàárín. Ó lọ kírun, àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ pé bóyá ara òun ṣì lè gba iṣẹ́ yìí báyìí. Ó padà síbẹ̀, ó ń ha á títí ikùn náà fi mọ́ rekete.

Ó wá kan abẹ. Ó pọ́n ọn lórí òkúta pẹ̀lú epo díẹ̀, ó yí i padà, ó tún pọ́n ọn, títí tó fi lè fá irun ọwọ́ rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà yẹn. Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó gbé pákó kan sórí tábìlì, ó ti ìfági sí i. Ìfági bu igi náà jẹ, ó sì há. Abẹ ló yọ jù. Idẹ roboto kan wà lẹ́yìn abẹ náà tí wọ́n fi ń yí i wọlé. Nùréènì yí i, kò yí. Ó fi aṣọ dì í mú, kò yí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, ọpọlọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó mú òòlù, ó sì gbá ìfági náà nídìí. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn: bí abẹ bá yọ jù, gbá a nídìí, abẹ á sá wọlé. Ìfági onígi là ń wí o. Igi máa ń gba ìyà mọ́ra. Irin dídà olówó pọ́ọ́kú kì í gbà á. Ó dún paa, igun ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún já, ó ta bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tó àtàǹpàkò.

Modinat yọjú láti ilé ìdáná. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Munirat, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú," kò sì parí rẹ̀, nítorí ó rí ojú ọkùnrin náà.

Nùréènì ní, "Modina, ó rẹ̀ mí. Mi ò lọ mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó ṣa igun irin náà nílẹ̀, ó dá gíláàsì padà sójú fèrèsé, ó gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tó jẹun tán ló tó sọ fún un pé tó bá jókòó sílé lọ́la, ọ̀tunla náà á jókòó, tó bá sì jókòó dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní dìde mọ́. Kí Nùréènì tó sùn, ó kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí idẹ roboto yẹn. Nígbà tó máa di ìdájí, idẹ náà yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Kẹrosíìnì lásán ló ń bẹ̀bẹ̀ fún láti àná! Nùréènì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó wé ìfági náà sínú ọ̀rá, ó sì jáde.

Iná ò sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó débẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári, ilẹ̀kùn mẹ́jọ ti ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà sì fara ti ògiri, wọ́n ń retí kí wọ́n fá etí wọn. Abdulkabir dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, irú èyí tí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá náà ni o. Nùréènì gbójú sókè, ó rí ìfági onígi rẹ̀ àtijọ́ lókè ògiri, wọ́n fi okùn gbé e kọ́, wọ́n fi ọ̀rá funfun bò ó. Ó yára gbójú kúrò níbẹ̀. Abdulkabir bi í bóyá ó mú irinṣẹ́ dání. Ó ní òun mú un.

Ó yọ ìfági rẹ̀ jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo igun tó já náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá etí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ìfági náà ń fá. Awẹ́ igi pẹlẹbẹ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń ká jọ. Àmọ́ ta ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí ìfági nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́? Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọ́. Abdulkabir dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá," ó ní, "ta ló kọ́ yín kí ẹ máa di ìfági mú báyìí? Ẹni tó kọ́ mi, á ti fi igi gbá mi lọ́wọ́."

Nùréènì dúró. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fi nǹkan pamọ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Abdulkabir wo ibi tó já náà. Ó yíjú padà, ó wọ inú yàrá ẹ̀yìn lọ. Nùréènì rò pé ìfági tirẹ̀ ló lọ mú wá láti nà sí òun. Ìfági náà ló sì mú wá lóòótọ́, aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Ṣùgbọ́n kò nà án sí i. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti búlúù. Igun ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún ti já, ojú ibẹ̀ ti dán nítorí ọjọ́ pípẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ tí mo rà á gan-an ni," Abdulkabir ní. "Abẹ yọ jù, mo fi òòlù gbá a nídìí. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni mo ṣe."

Nùréènì wo méjèèjì. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bẹ̀bẹ̀. Ó bi í pé, "Ó sì ń fági?"

"Ọdún mọ́kànlá rèé. Òun ló ń bọ́ ilé mi. Ìdí rẹ̀ ló já, ẹnu rẹ̀ ò já."

Ẹni tó bá ti rẹ̀ dé ibi tó rẹ Nùréènì dé kì í ní agbára láti máa gbéra ga mọ́. Ó bi í ní ojúkojú pé kí ló dé tí kò pe òun ní ọ̀gá lórí fóònù. Abdulkabir ń fi ìka ra ojú ibi tó já lára ìfági rẹ̀.

"Ọdún méjìlélógún ni bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yín fi ń gba iwájú ibí yìí kọjá," ó ní. "Mo máa ń rí yín lójú fèrèsé. Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ní bóyá ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti jẹ́ ọ̀gá mi rí."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí Nùréènì lè sọ. Ó lè ní iṣẹ́ ni, ó lè ní oorun ló máa ń kun òun nínú bọ́ọ̀sì, irọ́ kọ́ sì ni. Àmọ́ kò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

"Mo jẹ̀bi," ló sọ.

Abdulkabir mi orí pé òun ti gbọ́. Ó gbé ilẹ̀kùn kejì sórí tábìlì tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fági, búlúù lápá ìhín, ewé lápá ọ̀hún. Èjìká ṣì ń dun Nùréènì, àárẹ̀ rẹ̀ ò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sí ibi tó yẹ lára ìfági.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ó kan ibi tí igi ti di kókó lára ilẹ̀kùn kẹta, ìfági sì há. Abẹ ti yọ jù. Nùréènì ò gbójú kúrò lára igi. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú òòlù, ó gbé e sókè.

Abdulkabir di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́. Igun kan péré ló kù."