Àgékù Fíìmù Inú Agolo Bisikíìtì

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, Bàbá Sinimá ṣí agolo fíìmù mẹ́jọ tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, òórùn ọtí kíkan sì gba gbogbo yàrá. Ó fa etí fíìmù náà díẹ̀, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an. Fíìmù kan ṣoṣo tí wọ́n tíì yà nínú ìlú wọn nìyẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀dà rẹ̀ kù sí, ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun máa fi í han gbogbo ìlú ní ilé ìkàwé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri.

"Ẹ ò ní nǹkan mìíràn ni, Bàbá?" Obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé ló béèrè, ó fi ìnujú bo imú.

Bàbá Sinimá gbójú sókè àjà. Ó ní nǹkan mìíràn. Agolo bisikíìtì kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, pàápàá ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló ń yí ẹ̀rọ ní ilé sinimá. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń lọ, fíìmù yìí kì í sì parí títí aago méje á fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà méje délé, nínú bàtà tí àtàǹpàkò ti yọjú níwájú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, òjò pa á. Ní ọjọ́ kejì ó mú àlùmọ́gàjí. Kò gé ìjà, kò gé ìfẹ́, kí àwọn òǹwòran má baà fọ́ ìjókòó mọ́ ọn lórí. Ibi tí àwọn èèyàn kàn ti ń rìn lójú pópó, tí ẹnì kan ń gbálẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ ń kọjá, ibẹ̀ ló gé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ó kó o sínú agolo, torí ìyá rẹ̀ kì í sọ nǹkan nù, òun náà kò mọ̀ ọ́n sọ nù.

Lẹ́yìn ọdún kan ló pàdé ọmọbìnrin alágbàfọ̀ tó wá di ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì tí ọmọ náà bá a sọ ni pé, "Mo wà nínú fíìmù yẹn o. Mo gba iwájú ẹ̀rọ kọjá." Ó ní gbogbo ilé òun ló tú jáde lọ wò ó, wọn ò rí òun, ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi òun ṣẹ̀sín pé Òṣèré. Bàbá Sinimá sáré padà sílé. Ó lọ wo inú agolo, ó bá a níbẹ̀. Kò sọ. Ọdún gorí ọdún, àdúgbò ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Òṣèré, àwọn ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń bá wọn rín in. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ti lọ fún ogójì.

Ó fún obìnrin ilé ìkàwé lésì pé òun á wá nǹkan ṣe. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń lẹ àwọn àgékù náà pọ̀, ó sì yọ ti ìyàwó rẹ̀ sọ́tọ̀, ó kì í bọ àpò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kejì, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń lọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù.

"Ìyá wọn, kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ rí díẹ̀ nínú fíìmù náà. Bóyá mo wà nínú díẹ̀ yẹn." Kò gbójú sókè. "Ẹ rẹ́rìn-ín yín, ó ti mọ́ mi lára."

Ẹ̀rín náà kò wá. Bàbá Sinimá padà sínú yàrá, ó fa fíìmù jáde lápò, ó wá gọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ kejì ilé ìkàwé kún fọ́fọ́. Obìnrin ilé ìkàwé ṣí ìwé àtijọ́ kan tó to àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú lẹ́sẹẹsẹ, ó ń pe orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri. Kò sí ìjà, kò sí ìfẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹ wo afárá onípákó!"

"Ṣé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nígbà yẹn ni?"

"Háà, wọ́n ń gbá títì! Ta ló wá gbé ìgbálẹ̀ náà lọ?"

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kàndínlógún kan yọ, ó wọ aṣọ tó ní bọ́tìnì ńlá mẹ́fà, ó ń rìn bí ẹni tó ni títì. Ó wojú ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wò. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó Bàbá Sinimá dìde fùú. "Èmi rèé! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ta ló ní mo purọ́?"

Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Nígbà tó rọlẹ̀, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, ibo ló wà láti ọjọ́ yìí?"

"Èmi ni mo gé ọ. Nítorí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn. Mo sì mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́."

"Ẹ gé mi? Ẹ wá ń bá wọn..."

"Ẹ dúró ná!" Obìnrin onírun funfun kan ló pariwo láti ìlà kẹta. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ìlú nígbà náà. "Aṣọ ìyá mi nìyẹn! Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ fi sọ fún wọn pé kò tíì gbẹ!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Òṣèré rọra jókòó.

"Ó ti gbẹ," ló wí. "Mo kàn ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i ni." Ó gbá ọkọ rẹ̀ nígbọ̀nwọ́. "Ọlọ́run ló yọ yín. Olè ò gbọdọ̀ dá ọ̀daràn lẹ́jọ́. Ẹ dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, kí n rí ara mi dáadáa."

Ó dá a padà. Àwọn èèyàn ń ka bọ́tìnì. "Ẹ tún un ṣe!" Ó tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ilé ló ń bá ọmọbìnrin náà ju apá bó ṣe ń rìn, àfi bí ẹ̀rọ ṣe há, tó dún gbùù, tí aṣọ funfun sì ṣófo. Bàbá Sinimá ṣí ẹ̀rọ. Eyín rẹ̀ ti rún fíìmù náà kúnná.

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré ni ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti hàn. Kò ṣeé lẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn.