Ìkìlọ̀ Pupa Lára Ìwé

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin kan níléeṣẹ́ ìtẹ̀wé, torí kò sí àṣìṣe tí ojú rẹ̀ kì í tú jáde kí wọ́n tó tẹ ìwé. Àmọ́ ohun tó gbé e dé iwájú ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣìṣe, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ọdún méjì sẹ́yìn ni odò gbé ọmọ kan ṣoṣo tí ìyẹn bí lọ. Àbúrò náà wá mú ọ̀kan nínú ìwé ìtàn iléeṣẹ́ náà, ó ní òun fẹ́ fi pa ìrònú rẹ́, àfi bó ṣe kan ibi tí ọmọdé ti rì sómi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa kọ gbólóhùn kan sójú ewé àkọ́kọ́," ni Abẹ́rẹ́ bẹ̀bẹ̀. "Ká kàn sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹni tí egbò rẹ̀ ò tíì jinná lè yà fún un."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Kọ ọ́ wá."

Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìwé tuntun jáde, gbólóhùn rẹ̀ ò sí nínú. Ara èèpo iwájú ni wọ́n gbé tiwọn sí, pupa gàdàgbà: ÌKÌLỌ̀! ỌMỌDÉ KÚ IKÚ ORÓ NÍNÚ ÌWÉ YÌÍ. OJO Ò GBỌDỌ̀ KÀ Á! Èèyàn wá rọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ìwé tó wà nísàlẹ̀ iléeṣẹ́ náà bí eṣinṣin tó gbóòórùn egbò. Ọkùnrin kan ń bi olùtajà pé, "Ojú ewé wo lọmọ náà ti kú gan-an?" Ó kà á lórí ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Abẹ́rẹ́ gòkè lọ bá ọ̀gá, ó bá a níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì.

"Abẹ́rẹ́! Ọpọlọ rẹ pé! Ọmọ inú ìwé tó ń bọ̀ ò kú, àìsàn lásán ló ṣe é. Mo ti ní kí òǹkọ̀wé pa á. Ìwọ ṣáà bá wa wá ìkìlọ̀ tó máa já wọn láyà."

"Ẹ ní kó pa á?"

"Ìtàn ni, àbí ọmọ ta ni?"

Bọ́tà ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Lójú Abẹ́rẹ́, àfi bíi pé ìdin ló ń rìn níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ẹ ń rí mi lára." Ó kó gègé rẹ̀ sápò, ó bọ́ sígboro.

Nígbà tó rò ó fún àbúrò rẹ̀, ìyẹn mi orí.

"Mo ti rí i lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n ṣí i. Ó kúkú gbà mí. Àmọ́ ó ṣe mí bíi pé ọmọ mi ni wọ́n pa tẹ́ sórí àtẹ."

Abẹ́rẹ́ sáré dé ìdí báfù, ó bì títí inú rẹ̀ fi ṣófo. Àbúrò rẹ̀ ló dì í lẹ́yìn mú.

Ìwé kejì jáde láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ó tà wàràwàrà. Abẹ́rẹ́ ò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe pa ọmọ náà.