Orúnkún Tí N Kò Fọwọ́ Kàn
Ojú ṣì ń tì mí lórí ọ̀rọ̀ Ibtihel. Èmi ni dókítà ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá níhìn-ín ní Sfax, ọdún kọkànlá rèé. Kò sí irú orúnkún tí n kò tíì rí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó dùn mí.

Ọjọ́ Ajé ni Ibtihel, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, wọlé, ó ń tiro. Ó ní òun fò láti ju bọ́ọ̀lù, bí òun ṣe balẹ̀ ni òun gbọ́ nǹkan dún pọ́ nínú orúnkún ọ̀tún, ó sì ti wú kí òun tó délé. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n ṣa àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Tùnísíà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń retí ọjọ́ yẹn. Bàbá rẹ̀, Si Hachemi, ló mú un wá. Onírùngbọ̀n ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀súbáà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí ọmọ ká ṣòkòtò sókè, kí n fi ọwọ́ kan di itan rẹ̀ mú, kí n fi èkejì fa ojúgun síwájú. Bí iṣan àárín orúnkún bá wà níbẹ̀, eegun á dúró gbọn-in. Bí ó bá ti já, á máa yọ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ tó sàn ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ mi lè mọ ìyàtọ̀. Kì í gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n mo wo irùngbọ̀n Si Hachemi, mo wo ṣòkòtò gígùn tí ọmọ rẹ̀ wọ̀, èmi ọkùnrin kò lè la ẹnu pé kí ó ká a sókè. Mo ní kí wọ́n lọ ya àwòrán inú orúnkún náà. Ẹni tó yẹ àwòrán wò kọ ọ́ pé ó jọ pé iṣan fà, kò já. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó kún inú orúnkún kò jẹ́ kí òun ríran tó, kí dókítà fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo fo ìyókù.

Zakia, ìyá àgbà tó ń bá wa wọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin náà, bi mí bóyá mo ti fa ojúgun ọmọ. Mo ní àwòrán ti sọ ọ́.

"Dókítà, ìròyìn ò tó àfojúbà," ó ní. "Àwòrán náà ò tó àfọwọ́bà. Àbí bàbá yẹn lẹ̀ ń sá fún?"

Mo ní kó gbájú mọ́ òróró rẹ̀. Ẹni tó tó ìyá mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, orúnkún kò wú mọ́, mo ní kí Ibtihel lọ gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì, níwájú àwọn tó wá ṣà wọ́n, ó yíra padà, orúnkún náà sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Igbe tó ké kò tíì kúrò létí mi. Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, mo wá fa ojúgun. Ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Kerekere àárín eegun méjèèjì, tí àwòrán fi hàn pé ó pé pérépéré tẹ́lẹ̀, ti ya.

Nígbà tó jí, mo lọ bá wọn, mo jẹ́wọ́. Mo ní n kò fọwọ́ kan orúnkún náà rí, pé ojú Si Hachemi ni mo ń wò.

Si Hachemi dá tẹ̀súbáà dúró. "Èmi kẹ̀? Ṣebí èmi ni mo mú un wá bá yín."

Ibtihel kò wo ojú mi. "Dókítà, ṣòkòtò péńpé ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú gbogbo Sfax. Iwájú pátápátá ni bàbá mi máa ń jókòó sí. Ṣé ojú ń tì yín ni, àbí ẹ rò pé ojú ń tì wá?"