Àlejò Kan Lójú Fèrèsé

4.

…ẹ̀rù ń bà á pé ó lè má sẹ́ni tó ń wò ó, torí náà ni Ṣúmékà kò fi gbé orí sókè rárá ní gbogbo ìgbà tó ń kan ìṣó mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà náà. Nígbà tó gbé orí sókè, igun fóònù tó gbé ti agolo gọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ wò.

ÀWỌN TÓ Ń WÒ: 1

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé gbogbo ìlú ló wá.


5.

Ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ṣúmékà kì í ṣe gbajúmọ̀. Lórí Fèrèsé, ìkànnì àfihàn orí fóònù níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó, tí àwọn mìíràn ń jẹun kí ẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa wò wọ́n, bàtà lòun ń tún ṣe. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa ń bọ́ sórí afẹ́fẹ́, aago mọ́kànlá ló máa ń kúrò. Èèyàn á yọjú, á rí bàbá kan tó há ìṣó mẹ́fà sẹ́nu, á bá tirẹ̀ lọ.

Àfi ẹnìkan. Kò lórúkọ, "Àlejò" ni Fèrèsé kọ síbi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà. Bí Ṣúmékà bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti dé. Kì í lọ títí Ṣúmékà á fi gbé hámà kọ́. Kì í sọ̀rọ̀. Ó di oṣù méje.

Ṣúmékà mọ ẹni tó jẹ́. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà mọ̀.


6.

*(Ara páálí bàtà kan, lókè pátákó ìkówèé. Bírò, ọwọ́ Ṣúmékà.)*

ẸSẸ̀ ÌYÁ KÉKERÉ, ỌMỌ MI OBÌNRIN

ọdún méje: òsì fi ìdajì èékánná gùn ju ọ̀tún lọ
ọdún mẹ́wàá: bẹ́ẹ̀ náà
ọdún mẹ́rìnlá: bẹ́ẹ̀ náà
ọdún mọ́kànlélógún: bẹ́ẹ̀ náà
ọdún mẹ́rìnlélógún:

*(Nísàlẹ̀ pátápátá:)* Ẹni mẹ́ta ló mọ̀. Èmi, ìyá rẹ̀, òun.


7.

Ìyá Kékeré gan-an ló kọ́kọ́ gbé fóònù síwájú ibi iṣẹ́, kó tó di pé Ṣúmékà ń gbé tirẹ̀ síbẹ̀, bóyá ọmọ náà á tún yọjú. Kò tọrọ àyè. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń fi bàbá rẹ̀ han aráyé, tí aráyé ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bá bàtà wí: "Ìwọ yìí, ta ló rìn ẹ́ báyìí? Ṣé o ò lójú ni?" Oníbàárà kan ló wá fi han Ṣúmékà, tó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ojú ti Ṣúmékà. Ìtìjú náà sì di ìbínú kó tó délé. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó là á mọ́lẹ̀. Ó ní:

"Láti òní lọ, má pè mí ní bàbá mọ́."

Ẹyin lohùn. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà di ẹrù rẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ṣúmékà, kò fi ìkankan dín kù nínú ẹ̀kọ́ ilé.

"Ó dàbọ̀, sà."


8.

FÈRÈSÉ: ÌKÉDE FÚN ÀWỌN AṢÀFIHÀN ÀTI ÀWỌN ÒǸWÒRAN

Inú wa dùn láti mú ohun tuntun wá fún yín!

✱ Láti òní, àfihàn yín yóò máa wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Ẹni tó bá pẹ́ dé lè wò ó, ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

✱ Láti òní, ẹ lè pe òǹwòran kan kó wá jókòó tì yín. Ojú fóònù yóò pín sí méjì.

✱ Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kò sí àlejò mọ́. Òǹwòran tí kò bá tíì tẹ àmì ọkàn, tí kò sì tíì kọ nǹkan kan, a ó yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀ yóò hàn.

Ẹ ṣeun tí ẹ ń ṣí fèrèsé yín sílẹ̀!


9.

*(Ṣọ́ọ̀bù Atẹ̀wé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ṣúmékà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo.)*

ATẸ̀WÉ: Wọ́n ní kí àwọn tó ń dákẹ́ máa sọ̀rọ̀ ni, Bàbá.

ṢÚMÉKÀ: Bí kò bá ṣeé sọ fún ẹni náà ńkọ́?

ATẸ̀WÉ: Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ nìyẹn.

ṢÚMÉKÀ: Ọkàn kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́?

ATẸ̀WÉ: Ẹyọ kan. Kò ju kéèyàn fi ìka kàn án lọ.

ṢÚMÉKÀ: Ìka yẹn ló wúwo.


10.

*Ohun tí Ṣúmékà sọ lórí afẹ́fẹ́:*

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án: "Àlejò mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wo ọkàn kan nísàlẹ̀ yẹn."

Ó ku ọjọ́ méje: "Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi dandan mú yín."

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà: "Pupa ni. Kò tóbi. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án."

Ó ku ọjọ́ márùn-ún:

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta: "Mo bẹ̀ yín."

ÀWỌN TÓ Ń WÒ: 1


11.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Ṣúmékà dọ́gbọ́n.

Ó gbé awọ tuntun sórí tábìlì, èyí tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó sọ fún fóònù pé, "Bàtà ọmọ mi obìnrin ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi ìdajì èékánná gùn ju òsì lọ."

Irọ́ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi í sọ ni. Ìyá Kékeré kì í rí àṣìṣe kó gbójú fò ó. Láti ìgbà tó ti ń ka ABD ló ti ń tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sọ fún un. Ṣúmékà ti retí pé kò ní lè mú un mọ́ra.

Ó gé awọ ọ̀tún gùn. Ogójì ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò mọ̀ọ́mọ̀ ba awọ jẹ́ rí. Ó gé e tán, ó dúró, ó ń wo igun fóònù bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

ÀWỌN TÓ Ń WÒ: 1

Kò sí ọkàn. Kò sí ọ̀rọ̀.


12.

*(Ilé. Oúnjẹ ọ̀sán wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.)*

ÌYÀWÓ: Ẹ ṣi ẹsẹ̀ gé.

ṢÚMÉKÀ: Ta ló sọ fún ẹ?

ÌYÀWÓ: *(Ó ń bo oúnjẹ náà.)*

ṢÚMÉKÀ: Mo ní ta ló sọ fún ẹ? O ò sí ní ṣọ́ọ̀bù.

ÌYÀWÓ: Baálé mi, èmi ni.

ṢÚMÉKÀ: Ìwọ ni kí ni?

ÌYÀWÓ: Èmi ni Àlejò.


13.

Fóònù tí Ṣúmékà là mọ́lẹ̀ lọ́jọ́sí ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣà á jọ, ló gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Ojú rẹ̀ ṣì sán, àmọ́ ó ń ríran. Ní àràárọ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá ti jáde, á jókòó sétí ibùsùn, á máa wò ó. "Kí ẹ má baà máa bá ògiri sọ̀rọ̀," ló wí.

"Kí ló dé tí o kò tẹ ọkàn yẹn?"

"Orúkọ Ìyá Kékeré ló wà nínú fóònù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ ni ẹ máa rí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbé ìka lé e. Mi ò lè fi orúkọ ọmọ tàn yín."

Ṣúmékà ka oṣù méje náà lórí ìka, bóyá á dín. Kò dín. Kò bínú sí ìyàwó rẹ̀. Ì bá sàn fún un bó bá lè bínú. Àárò ọmọ náà kàn sọ ọ́ lákọ̀tun ni, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù jáde.

"Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń na ọmọ," ni ìyàwó wí, "òsì la fi ń fà á mọ́ra. Èyí ọ̀tún, ẹ ti ṣe é. Òsì yẹn dà?"

"Mo na òsì náà síta. Kò kan ẹnikẹ́ni."


14.

Ọjọ́ kìíní oṣù.

ÀWỌN TÓ Ń WÒ: 0


15.

Síbẹ̀, kò ṣíwọ́. Ìyàwó rẹ̀ wá ń tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí òun bá máa wò ó, òun á wò ó lójúkojú. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ìda pa òwú. Fóònù tó sán wà lórí pátákó, wọ́n ti pa á.

*FÈRÈSÉ: Ọjọ́ kan ló kù kí àfihàn "Bàtà ọmọ mi obìnrin" pa rẹ́.*

*FÈRÈSÉ: Ẹnìkan kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àfihàn "Bàtà ọmọ mi obìnrin."*

Orúkọ: Arìnrìnàjò

Ọ̀rọ̀:

Òsì ni, sà.


16.

ÌYÀWÓ *(òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì)*: Kì í ṣe èmi o.

ṢÚMÉKÀ: Mo rí i.

ÌYÀWÓ: Kí wá ni ti "sà"? Ta ni sà?

ṢÚMÉKÀ: Èmi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un ló ń tẹ̀ lé.


17.

*Ohun tí Ṣúmékà kọ, tó sì pa rẹ́:*

~~Ọmọ mi~~

~~Níbo lo wà~~

~~Ìyá ẹ ń kí ẹ~~

~~Ṣé ò ń jẹun dáadáa~~

~~Bàtà wo lò ń wọ̀ níbẹ̀, ṣé kò ń ta ẹ́ lẹ́sẹ̀ òsì~~

~~Má bínú~~ *(Èyí pẹ́ lójú fóònù. Ó ní ẹnu lòun fi dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, ẹnu ló yẹ kóun fi bẹ̀ ẹ́.)*

*Ohun tó fi ránṣẹ́:*

O ṣeun. Màá tún un gé.

*Èsì:*


18.

Àfihàn yẹn ti pa rẹ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Aago mẹ́sàn-án. Ṣúmékà gbé awọ tó kù jáde. Òsì ló kọ́kọ́ wọ̀n. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó gbé ọ̀bẹ lé e, ó wá bọ́tìnì tuntun yẹn rí lójú fóònù, èyí tí wọ́n fi ń pe òǹwòran. Ó kọ "Arìnrìnàjò". Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú fóònù pín sí méjì. Ṣúmékà àti tábìlì rẹ̀ wà lápá kan. Apá kejì dúdú.

"Bàbá ẹ nìyí," ló wí. Ó tún un sọ kó lè já geere. "Bàbá ẹ nìyí."

Ìyàwó rẹ̀ gbé òwú sílẹ̀.

Ṣúmékà sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀.

┌──────────────┐

A Ń DÚRÓ DÈ É . . .

└──────────────┘