Ìgbìmọ̀ Tó Fẹ́ràn Èèpo Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin tí a jọ ń dúró lórí bẹ́ǹṣì yìí, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nítorí sikọ́láṣípù àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò ni ìgbìmọ̀ yìí ṣe pè wá. Ní tèmi, bí n kò bá rí i gbà, mo ti fi yunifásítì sílẹ̀ nìyẹn.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì wọn ń fò lókè pápá bọ́ọ̀lù. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó gólì kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo gun okùn náà dé òkè. Àga kan lẹ́nu ọ̀nà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ nu ẹsẹ̀ o, àwọn àgbà wà nínú ilé." Mo nu ẹsẹ̀ mi.

Alága ìgbìmọ̀ ló jókòó, òun àti màmá kan tó wọ awò ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ni ọ́fíìsì bá fì sápá kan, tíì wọn dà nù.

"Dìde, o fẹ́ dà wá sílẹ̀ ni?" ni alága kígbe. "Kí lo fẹ́ fi ìmọ̀ ìṣòwò ṣe?"

"Gàrí ni ìyá mi ń yan, sà. Ẹ̀yìn ilé ni èèpo ẹ̀gẹ́ ń jẹrà sí. Mo fẹ́ máa sá a, kí n dì í sínú ọ̀rá, kí n máa tà á."

Alága rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi wọ́. "Èèpo ẹ̀gẹ́! Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ?"

Mo bá tún dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kí n dìde, n kò sì lè dá dìde níwájú àgbà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí pátákò lábẹ́ tábìlì, níbi tó yẹ kí bàtà wà. Mo gbójú sókè: alága ti di òbúkọ, fìlà rẹ̀ há sórí ìwo kan. Màmá ti di ewúrẹ́, awò ojú sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọ́fíìsì ńlá nìyẹn.

"Ọmọ mi," ni màmá wí, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, "èèpo yẹn, ṣé ó gbẹ dáadáa?"

"Ó gbẹ, mà. Ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu."

Alága wú ikọ́. "Ó dáa. Ta ni yóò rà á?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" ni àwọn méjèèjì dáhùn, wọ́n sì ní kí n dìde.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, orí mi gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti já bọ́ sílẹ̀, mo nà gbalaja. Ṣówándé tí a jọ ń gbé yàrá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà: "Ògbẹ́ni, dìde! Ewúrẹ́ ìyá onílé ti ki orí bọ àpò rẹ!"

Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi sá fún mi kí n mú wá fi han ìgbìmọ̀ ló wà nínú àpò náà. Ewúrẹ́ yọ orí, ẹnu rẹ̀ kún, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí.

Ṣówándé ní orí mi ti dàrú. Mo ní kó dákẹ́, kó fi fóònù ya ewúrẹ́ náà bó ṣe ń jẹun, kó tó lé e.

Fọ́tò náà rèé. Èèpo tó kù ló wà nínú ọ̀rá yìí. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o, orúkọ mi ni wọ́n ń pè yẹn.