Sípíkà Tí Mubarakah Yàn Lórí Fóònù

Ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta tí Abdulmujeeb kú ni ìyàwó rẹ̀, Mubarakah, pinnu pé òun máa ra sípíkà.

Ẹ má bi í léèrè ohun tó mú un ronú kan sípíkà nígbà tí àwọn opó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ronú ohun tí wọn yóò jẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ wà lórí tábìlì nínú yàrá, inú kọ̀ǹpútà náà sì ni ohùn ọkọ rẹ̀ wà. Olùkọ́ ìṣirò ni Abdulmujeeb ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sekona. Bí àkókò iṣu àti àgbàdo bá dé, oko làwọn òbí máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, òun nìkan á sì máa bá àga sọ̀rọ̀. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé, ó ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lóhùn ara rẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ lóko. Ẹ̀kọ́ mọ́kànlá ló gbà sílẹ̀. Kò tíì gba ìkejìlá tí ọkọ̀ akóyanrìn kan fi gbá ọ̀kadà tó gbé e lójú ọ̀nà Sekona.

Ẹ̀kọ́ mọ́kànlá yìí ni gbogbo ohun tó kù. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, ọmọ ò tíì dé. Fóònù ọkùnrin náà fọ́ mọ́ ọn lára. Àwọn fọ́tò ara ògiri, Mansur, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti wá kó wọn lọ ní ọjọ́ kẹjọ. Mansur kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyá wọn ló ń rò. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, a kì í sì í jẹ́ kó rí ohun tó lè tún ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣí. Mansur wá pàṣẹ fún gbogbo ilé pé Ìyá kò gbọdọ̀ rí àwòrán Abdulmujeeb, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kí Mubarakah pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á wá gbé e lọ. Mubarakah ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ ló gbọ́, kò pa nǹkan kan rẹ́.

Wàhálà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìyá. Kò tíì sunkún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mubarakah ń ríran dáadáa, ẹkún gan-an ni kò rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú wọlé, bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń kà, ó sì kà wọ́n tán. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ara rẹ̀ ti kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eyín fún lábẹ́rẹ́. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i kú ìrọ́jú, kò sì sí èyí tó dé inú nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láwòfín. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Mansur, sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí ò sunkún o. Ojú ẹ̀ gbẹ." Ọ̀rọ̀ náà kò bí i nínú. Òun náà ti ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ó wá rò ó pé bí òun bá lè gbọ́ ohùn ọkọ òun bó ṣe rí gan-an, bóyá ikú náà yóò di òótọ́, bóyá ẹkún yóò mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń ti inú kọ̀ǹpútà náà jáde kò tó nǹkan, bí ẹni pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú agolo mílíìkì. Ohùn Abdulmujeeb nípọn. Bó bá ń kí èèyàn ní ìta, àwọn ará ilé kejì ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni inú agolo yìí, Mubarakah kò mọ̀ ọ́n rí. Kò sí èyí tó tíì gbọ́ dópin nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà. Bó bá tan ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì, ó ti pa á.

Kò sì lè lọ sọ́jà. Inú tákàbà ló wà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó kì í jáde bí kò bá sí ohun kòṣeémánìí, kò sì sí àáfà náà ní gbogbo Ẹdẹ tó máa ka sípíkà kún un. Aládùúgbò kan ló fún un ní nọ́ńbà Daniel, ọ̀dọ́kùnrin tó jáde ní Poly, tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ní Ọjà Tìmì. Mubarakah pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Daniel ní, "Àǹtí, ẹ ti dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wá. Mo ní èyí tí wúùfà ẹ̀ tó àpótí ìjókòó. Àyà yín lẹ máa ti gbọ́ béèsì ẹ̀."

"Tábìlì mi ò gbà á. Kékeré ni mo fẹ́, méjì, kí ọ̀kan jókòó sọ́tùn-ún kọ̀ǹpútà, kí ìkejì jókòó sósì. Kó sì jẹ́ irú èyí tó ń jẹ iná lára kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀."

"Irú orin wo lẹ máa ń gbọ́, mà?"

"Kì í ṣe orin. Ọ̀rọ̀ ni. Ẹnì kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò."

Daniel kò tíì rí ẹni tó ra sípíkà torí ìṣirò rí láti ọjọ́ tó ti ń tajà. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í bá oníbàárà jiyàn, ó ní òun ní oríṣi mẹ́ta tó kéré: onípákó kan, roboto kan, àti gbọọrọ kan tí wọ́n ń tẹ́ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní kó fi ohùn ẹni náà ránṣẹ́ kí òun fi dán wọn wò, kó máa gbọ́ ọ lórí fóònù. Mubarakah fi ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ránṣẹ́. Kò ní ìdí kan. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dán sípíkà wò lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìta ni wọ́n ń gbé e sí, wọn á kọjú rẹ̀ sí títì, kí ẹni tó fẹ́ rà á àti ẹni tí kò ní í rà á jọ gbọ́. Mubarakah mọ èyí láti kékeré, ọmọ Ẹdẹ ni. Nígbà tí ó yá, ó bi ara rẹ̀ léèrè bí òun ṣe mọ̀ ọ́n tí òun kò rò ó, kò sì rí ìdáhùn kankan ju pé orí òun kò sí lọ́rùn òun lásìkò náà.

Daniel pè é padà lórí fídíò. Ó fi fóònù ti nǹkan, ó to sípíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn wọn ni títì wà, kẹ̀kẹ́ ń kọjá, àti ìsọ̀ ẹnì kan ní òdìkejì tí wọ́n to bọ́kẹ́ẹ̀tì àti bààfù oníke sí gègèrè. Ó tan onípákó.

"Ká ní ìyá yín gbé odindi iṣu kan kalẹ̀," ni ohùn Abdulmujeeb wí, "ẹ̀yin mẹ́rin lẹ sì máa jẹ ẹ́. Ta ló máa gé e? Ẹni tó bá gé e ni kó mú gbẹ̀yìn."

Ó tan roboto, lẹ́yìn náà gbọọrọ. Iṣu kan náà ni wọ́n ń gé. Mubarakah tẹ́tí títí, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dún létí rẹ̀, agolo mílíìkì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mi ò rí ìyàtọ̀," ó ní.

Daniel bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, fóònù ọwọ́ yín lẹ ń gbọ́ yẹn. Bó ti wù kó dùn tó níbí, ẹnu fóònù yẹn náà ló máa gbà jáde sí yín."

Òtítọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi fóònù yan sípíkà, fóònù náà ni yóò yàn. Ṣùgbọ́n Mubarakah kò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ó ti ná gbogbo ìrètí rẹ̀ sórí nǹkan yìí. Ó ní, "Gbé e sókè sí i. Gbé e sókè dé ibi tó bá lè dé."

Daniel gbé e sókè. Iṣu gba gbogbo ọjà. Oníkẹ̀kẹ́ kan yíjú wò, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni obìnrin àgbàlagbà kan jáde láti àárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì òdìkejì, láìwọ bàtà, láìwo ọ̀tún wo òsì, ó ń bọ̀ tààrà. Ìrìn rẹ̀ ni Mubarakah kọ́kọ́ dá mọ̀. Ó mọ̀ pé Ìyá Mansur ń ta ike ní Ọjà Tìmì. Kò tíì débẹ̀ rí, kò mọ̀ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù Daniel ni. Ó rí i tí obìnrin náà dúró níwájú bẹ́ǹṣì, tó tẹ orí ba sí sípíkà bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn.

Mubarakah pa fóònù.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù náà dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Daniel ni, kò gbé e. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: Ìyá á pe Mansur, Mansur á dé pẹ̀lú ìbínú òdodo rẹ̀, á sì gbé kọ̀ǹpútà lọ bó ṣe kó àwọn fọ́tò lọ. Ó yẹ kó wá ibi kan kó àwọn ẹ̀kọ́ náà pamọ́ sí. Ó yẹ kó bẹ̀rù. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo àwọn ìka rẹ̀, wọn kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó tó wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ dúró níta. Ìyá Mansur nìkan ló wọlé. Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mubarakah kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà nítòsí."

"Ta ló ní kí n má gbọ́ ọ?"

"Bọ̀dá Mansur ni, mà. Wọ́n ní kò ní í dáa fún yín."

"Mansur kọ́ ló bí i," ni Ìyá Mansur wí. Ó jókòó, ó sì na ọ̀rá náà sí i. "Dìde. Roboto ni mo mú. Mo ní kí ọmọ yẹn tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Onípákó yẹn ń mú kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yó jù. Gbọọrọ yẹn, bí ẹni tí ọ̀finkìn ń ṣe. Èyí ni ohùn ẹ̀. Ọmọ yẹn ń bá mi sọ béèsì, mo ní ta ni béèsì."

Mubarakah tú wọn jáde. Wọn kò ju ìkúùkù méjì lọ. Ó fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó fi ìkejì sósì, ó ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Ooru mú, iná sì wà, ó tan fáànù fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé àga tì í. Lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀kọ́ kẹsàn-án.

Abdulmujeeb wọ inú yàrá. Kò sí agolo mọ́. Èémí rẹ̀ wà níbẹ̀, àti bó ṣe máa ń fi ètè dún pà kó tó sọ iye. Ìyá Mansur di ojú, ó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun náà ní ìdánwò lọ́la. Mubarakah dúró, ó ń retí ohun tó ti ń retí láti ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ohùn náà pé, kò kù síbì kan, inú rẹ̀ sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wá bà á lẹ́rù.

"Ìyá," ó ní, "mi ò lè sunkún."

"Ta ló bi ọ́?" ni Ìyá Mansur dáhùn láìlajú. "Jẹ́ ká gbọ́."

Wọ́n gé iṣu náà sí mẹ́rin. Wọ́n tún fẹ́ gé e sí mẹ́jọ. Nígbà náà ni ohùn Abdulmujeeb kúrò lórí ìṣirò, tó yíjú sí ẹ̀yìn.

"Mubarakah, jọ̀ọ́, bá mi pa fáànù yẹn. Ariwo ẹ̀ ń wọ inú ẹ̀kọ́ mi."

"Ó dáa," ni Mubarakah wí.

Ó ti dìde kó tó mọ̀. Ó rìn dé ara ògiri, ó tẹ súwíìṣì. Fáànù náà yí díẹ̀ sí i, ó rọra dúró, yàrá sì dákẹ́.

"O ṣeun," ni Abdulmujeeb wí.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára súwíìṣì nígbà tí ẹkún náà dé. Kò bẹ̀rẹ̀ kékeré. Ó fi iwájú orí ti ògiri, ó ké débi tí kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́, bí ó sì ti ń ké ló ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà pé kí òun pa á.

"Fi sílẹ̀," ni Ìyá Mansur wí. Omi ti bo ojú tirẹ̀ náà. "Jẹ́ kó kọ́ wọn tán."