Eré Táílàńdì ní Akaka

Ọdún kẹta rèé tí Hàbíbátù Yésúfù ti ń kọ lámèyítọ́ lórí eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Táílàńdì, àwọn eré tí obìnrin ti ń fẹ́ràn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé wọn tó mọ̀. Ohun tí àwọn ará Ṣàgámù mọ̀ ni pé ọmọ Àlhájà olóbì ni, pé ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, pé ó kàwé gboyè, iṣẹ́ ni kò tíì rí, ìdí nìyẹn tó fi ń bá ìyá rẹ̀ ṣa obì ní ṣọ́ọ̀bù. Lórí Fesibúùkù, Olùwòran Rẹ́mọ ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló ń dúró de ohun tó máa sọ.

Yorùbá ló fi ń kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ó rò pé ẹni tó bá ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri láti fi pe ọlọ́pàá síni kò ní wá a dé inú Yorùbá. Nígbà tó yá, ó rí i pé ohun mìíràn ló mú òun dúró síbẹ̀. Bí obìnrin kan nínú eré bá bó ọsàn fún èkejì, tó sì yọ kóró inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó nà án sí i, Hàbíbátù mọ bí wọ́n ṣe ń pe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Kò ní láti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síbi kankan.

Lámèyítọ́ tí kì í ṣojú àánú ni. Bí ó ti ń ṣe sí obì náà ló ń ṣe sí eré: èyí tí kòkòrò ti wọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó yè, ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó wá wo eré kan tó ń jẹ́ Òjò Etí Odò, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kòkòrò ti wọ̀.

Eré náà dùn títí dé ìparí. Nálín ń sin òdòdó bíi ìlẹ̀kẹ̀, ó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì kan létí odò. Dáò jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílé ìwé abúlé náà. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn fún apá méje gbáko. Ní apá kẹjọ tó gbẹ̀yìn, Dáò fẹ́ ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Inú bí Hàbíbátù. Ó kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni ìparí yìí. Dáò kò fẹ́ràn Nálín láti ìbẹ̀rẹ̀, ojo ni. Ẹni tó kọ eré náà kò sì mọ ohun tó ń pè ní ìfẹ́." Ó lé ní igba ènìyàn tó yìn ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ta kò ó. Ó ń jẹ́ E. Kọ́mọláfẹ́, ìkọ̀kọ̀ ló sì ti kọ̀wé sí i:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùwòran. Mo ti ń ka iṣẹ́ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kọ lónìí kò tọ́. Ẹ dá ọmọbìnrin náà lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìlárá ni mo ń gbé. Bí ẹ bá jẹ́ ará Rẹ́mọ lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí mi."

Hàbíbátù ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ tàn jáde, tí wọ́n lù bí ẹni lu bàrà, tí wọ́n sì gba fóònù wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi fèsì. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ó tú ojú ìwé ẹni náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òdòdó inú ọgbà ló kún ibẹ̀, àti àwòrán ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Adífẹ́ńtì, àti ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún ìyá àgbàlagbà kan tó fẹ̀yìn tì nílé ìkàwé yunifásítì. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Mà, kí ló dé tí ẹ fi ń wo irú eré báyìí?"

Èsì dé kíá. "Nítorí pé mo ti pẹ́ jù kí n tó rí i."

Ó dọjọ́ Àìkú, Hàbíbátù sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlárá. Màmá Ellen Kọ́mọláfẹ́ ti dúró dè é lẹ́nu géètì. Obìnrin gíga ni, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, irun rẹ̀ funfun, ó gé e mọ́lẹ̀, kò sí yẹtí létí rẹ̀, kò sí ẹ̀gbà lọ́rùn rẹ̀, àfi okùn tó fi gbé dígí ojú rẹ̀ kọ́. Hàbíbátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ọ̀rá obì gbànja tó mú wá sí i.

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àwa Adífẹ́ńtì kì í jobì. Ṣùgbọ́n má wulẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ lọ bá máa jẹ ẹ́."

"Ta ni a fẹ́ lọ bá, Mà?"

"Kọ́kọ́ jókòó ná."

Ó gbé ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti há a sórí. Òun àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Modúpẹ́olúwa ló jọ kọ́ni nílé ìwé kan náà fún ọdún mẹ́rin, yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tó di ọdún 1983, Modúpẹ́olúwa lọ sílé ọkọ ní Akaka. Ellen kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ọkọ Modúpẹ́olúwa kú, láti ìgbà náà ni Ellen sì ti ń lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

"Kí lẹ máa ń sọ, Mà?"

"Ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ dídùn. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó lé lógójì ọdún, a ò tíì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn rí." Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Nígbà tí mo wo Òjò Etí Odò tán, mo gbé e lọ fún un. Àṣé ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Kò rí ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó ń sá kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Mo ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún un, ohùn mi ni kò gbà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ. Bá mi sọ ọ́ fún un."

Hàbíbátù ò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kò sì mọ bí yóò ti kọ̀ ọ́.

Ọ̀kadà méjì ló gbé wọn dé Akaka. Modúpẹ́olúwa fúnra rẹ̀ wà ní ìta ilé rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin kúkúrú kan tí ẹyin ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. Òórùn gààrí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé gba gbogbo àgbàlá. Kí wọ́n tó kí i, ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ Ellen. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló ń sọ, ó yára, ó sì ń fi ẹ̀rín sí i.

"Ta lo mú wá?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń sọ fíìmù."

Wọ́n wọlé, wọ́n gbé láàpútọ̀ọ̀pù sórí àga. Bí àwọn òṣèré ti ń fọ èdè Táílàńdì, Hàbíbátù ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ó ti máa ń kọ ọ́: ó ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà dára, àmọ́ orin rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó ń ṣe Dáò kò sì tíì mọ bí a ti ń fi ojú ṣeré dáadáa.

Màmá Modúpẹ́ gbọ́wọ́ sókè. "Ọmọ mi, má sọ fún mi bóyá ó dára. Kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ojú ti Hàbíbátù díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Nálín jókòó sórí ẹní. Ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn sin òdòdó funfun. Dáò dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ rà. Kò fẹ́ rà. Ọwọ́ Nálín ló ń wò."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá náà wí. Ó fẹ̀yìn ti àga.

Apá méjì ni wọ́n wò lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra ni Hàbíbátù fi ń lọ sí Akaka ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń rí àwọn nǹkan tí kò rí nígbà tó ń dá wò ó. Ó rí i pé láti apá karùn-ún ni Dáò ti máa ń dúró wo àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń sáré lọ sílé, títí wọn yóò fi kọjá lójú. Ó ti wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, kò kà á sí nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n dé ìparí. Hàbíbátù rántí gbogbo ohun tó kọ nípa ibẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí iná lọ.

"Dáò ti jáde nílé," ó ní. "Aṣọ ìgbéyàwó ló wọ̀. Nálín wà ní èbúté, ó gbé agbọ̀n òdòdó dání. Wọn kò jìnnà síra. Dáò ń lọ sídìí mọ́tò."

"Ṣé ó wẹ̀yìn?"

"Kò wẹ̀yìn, Mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá wẹ̀yìn, kò ní lè lọ mọ́."

Orin ìparí ń lọ, kò sẹ́ni tó nawọ́ pa á. Màmá Modúpẹ́ yíjú sí ibi tí Ellen jókòó sí.

"Ellen, èmi náà ò wẹ̀yìn."

"Mo mọ̀. Mo wà lójú fèrèsé." Ohùn Ellen kò dún ju ti ọmọdé lọ. "Mo mọ̀ pé wọ́n fi ipá mú ọ ni. Mi ò bínú sí ọ rí."

"Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi."

Ellen gbójú sókè wò ó.

"Bàbá mi fẹ́ kí n lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ní mi ò lọ, kò ní fà mí lọ. Ọmọ ni mo fẹ́, Ellen. Mo fẹ́ ọmọ, mo sì fẹ́ ọ. N ò rí bí mo ti lè ní méjèèjì, mo bá yan ọ̀kan. Mi ò kábàámọ̀ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má pè mí lẹ́ni tí wọ́n fi ipá mú. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ."

Màmá Ellen dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Hàbíbátù kò mọ̀ bóyá kóun tẹ̀ lé e. Ó wá yé e pé ogójì ọdún ó lé ni ìyá náà ti fi ìròyìn kan tu ara rẹ̀ nínú, pé wọ́n gba Modúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti gba ìtùnú náà lọ báyìí.

Ó pẹ́ kí Ellen tó wọlé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ó yẹ kí o ti sọ fún mi nígbà náà."

"O ò bi mí."

"Ẹ̀rù ń bà mí láti bi ọ́."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà pé o máa bi mí."

Lẹ́yìn náà, Ellen wo aago ara ògiri, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìgò oògùn kékeré kan. "Àkókò oògùn ojú rẹ ti kọjá," ló wí. Ó gbé àgbọ̀n Modúpẹ́ sókè pẹ̀lú ìka méjì, ó kán an sí ojú ọ̀tún, ó kán an sí ojú òsì, kò sì tètè gbọ́wọ́ rẹ̀ kúrò. Hàbíbátù bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn láàpútọ̀ọ̀pù, ó ká a, ó tún un tú, ó tún un ká.

Lọ́sẹ̀ náà, ó kọ lámèyítọ́ kejì lórí eré kan náà, ohun tí kò ṣe rí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò dárúkọ ìlú. Ó kọ ọ́ pé òun ti fi ìwàǹwára ṣèdájọ́. Ó kọ nípa Dáò àti àwọn ọmọ tó ń sáré lọ sílé. Ó ní èèyàn lè fẹ́ràn ẹnì kan tọkàntọkàn, kó sì tún lọ, pé ẹni tó kọ eré náà mọ èyí kí òun tó mọ̀ ọ́n. Inú ọ̀pọ̀ òǹkàwé rẹ̀ kò dùn. Àwọn kan ní ó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn oníwàásù. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pa ohun tó kọ rẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó ti òkìtì obì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n. Àlhájà kò gbójú sókè.

"Hàbíbá, ọjọ́ Àìkú mẹ́rin. Ṣé ọkùnrin ni?"

"Rárá, Mà. Àwọn ìyá àgbà méjì ni. Mo máa ń sọ ìtàn fún wọn."

"Ìtàn wo?"

Ó lè parọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ìjọ́un tó ti kúrò ní Akaka, ó sì ń fi ojú inú rí Ellen níbi tó dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdòdó tí Nálín ń sin. Ó sọ pé obìnrin méjì ni wọ́n. Ó sọ ọ́ bí ó ti rí, láìyẹsẹ̀. Ọwọ́ Àlhájà dúró lórí ewé. Nígbà tó ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ewé náà, jẹ́jẹ́, títí ìtàn fi parí.

"Eléyìí tí wọ́n fi sílẹ̀," ó ní nígbà tó yá, "ṣé ó ní ìyá?"

"Nálín? Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ni ìyá rẹ̀ ṣe?"

Hàbíbátù ń wá ìyá náà kiri nínú orí rẹ̀. Ó rántí obìnrin kan tó ń se ìrẹsì ní apá kẹta, tó tún ń ká aṣọ ní apá keje, tí kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Nínú gbogbo lámèyítọ́ tó ti kọ láti ọdún mẹ́ta, kò rántí pé òun kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyá ẹnikẹ́ni.

"Ó wà níbẹ̀, Mà. Èmi ni mi ò kíyè sí i."

Àlhájà fi ewé bo agbọ̀n náà, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Oníbàárà kan láti Kánò ti ń kí wọn ní sàlámà lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ wò ó dáadáa," ló wí, bó ti ń dìde láti dá a lóhùn, "kí o wá sọ ọ́ fún mi."